Èédú Oúnjẹ, Èédú Irin: àkọsílẹ̀ ogún ọkọ́ tí mo rọ l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ogún ọkọ́. Bàbá kan tí wọ́n ń dáko lápá Ìkòyí-Ilé ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà á kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, wọ́n sì kó ìdajì owó kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí látìgbà tí mo ti tún àgbẹ̀dẹ bàbá àgbà wa ṣí lẹ́yìnkùlé, wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ṣì mọ̀ mí sí, géètì ni wọ́n ń gbé wá, ojú fèrèsé onírin ni wọ́n ń gbé wá, kò tíì sẹ́ni tó sọ pé kí n rọ nǹkan fóun. Rírọ yàtọ̀ sí wẹ́dà o. Tó o bá ń wẹ́ẹ̀dì, o ti tan maṣíìnì, iná ti dé nìyẹn. Tó o bá ń rọ irin, o ní láti bọ́ iná, o sì ní láti mọ ohun tó ń jẹ. Ohun tó ń jẹ yẹn ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi, òun ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kó tó kúrò lórí mi.

Ojú iná tí mo ṣe ò ní àṣírí kankan. Dúrọ́ọ̀mù bírékì tírélà ni, mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin ní Sábó, mo wẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i kó lè ga dé ìbàdí mi, mo wá ti páìpù ínṣì méjì bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. Ẹnu páìpù yẹn ni mo fi pílétì tó nípọn kan bò, mo lu ihò mẹ́sàn-án sí i kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ yọ, mo sì ṣe ìdérí sísàlẹ̀ tí mo lè ṣí kí eérú máa jábọ́. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán tí mo pò mọ́ eérú ni mo fi rẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù, ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbẹ. Atẹ́gùn ń wá láti ara bùlówà AC mọ́tò, bátìrì ló ń gbé e torí ti NEPA ò ṣeé gbójú lé. Páìpù tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lò, èyí tí wọ́n fi síǹkì bò ni, tí àwọn púlọ́ńbà ń lò fún omi, Bàbá kan nínú ẹbí wa ni wọ́n ní kí n gbé e kúrò ńbẹ̀, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó sun irú ẹ̀ rí tí ibà ń gbọ̀n ọ́n jìnnìjìnnì láṣálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òótọ́ ni o. Èéfín funfun tó ń jáde lára síǹkì tó bá gbóná, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú.

Bàbá tí mò ń wí yìí, àbúrò bàbá àgbà mi ni. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn ò lè gbé hámà mọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan bùlówà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àjàní, ẹwìrì máa ń rẹ ẹni tó ń fínná, tó bá ti rẹ̀ ẹ́, iná náà á ráyè mí. Tìẹ yìí, ta ni yóò rẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Sátidé, ọjọ́ kìíní.

Mo ti gé dísìkì ìtúlẹ̀ tírákítọ̀ tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, irin ẹ̀ dáa, ó le, ẹ̀rọ gíráńdà jẹ dísìkì ìgé mẹ́fà kó tó tán. Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ ra àpò èédú kan, ó gbé e dé ní ẹgbẹ̀rún méje náírà, ó ní òun ti ná an. A kó o sójú iná, a dáná sí i, a tan bùlówà. Hàà! Iná ń ta pàrà pàrà bí ìgbà tí wọ́n ń yìnbọn ọdún, ó ń fò lu wa lára, ó jó ihò mẹ́ta sí ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ iṣẹ́ mi torí aṣọ ọ̀rá ló wọ̀ (mo ti kìlọ̀ fún un, aṣọ òwú ni kó máa wọ̀ wá). Èéfín tún ń jáde, èédú tó yẹ kó jẹ́ pé wọ́n ti sun èéfín inú ẹ̀ tán. Irin pọ́n, kì í ṣe pé kò pọ́n o, ó dé àwọ̀ epo pupa, àmọ́ ibẹ̀ ló dúró sí. Mo fi atẹ́gùn kún un, èédú kàn ń yára jóná ni, irin ò tibẹ̀ kúrò, èépá wá ń wú lára ẹ̀, tí mo bá ti gbé e síta tí mo fi hámà kàn án, ó ń ré bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ọkọ́ kan péré ló jáde lọ́jọ́ yẹn, èédú tó jẹ sì tó pẹ́ńtì mẹ́rin. Pẹ́ńtì tí mò ń sọ yìí, ike ọ̀dà lítà mẹ́rin tí àwọn ìyá alátà fi ń wọn gàrí ni, òun náà ni mo fi ń wọn èédú láti ọjọ́ yẹn, mi ò pààrọ̀ ẹ̀, torí tó o bá ń fojú wọ̀n, irọ́ lo ń pa fúnra ẹ.

Ọjọ́ Sọ́ńdè n kì í ṣiṣẹ́. Mọ́ńdè, Bàbá ti jókòó kí n tó dé. Wọ́n ti fa àpò èédú náà sọ́dọ̀, wọ́n mú ẹyọ méjì, wọ́n kàn án mọ́ra wọn. Ó dún pò, bí ẹní lu páálí. Wọ́n ní, "Gbọ́ ohun tó ń sọ." Wọ́n wá wọ àpò aṣọ wọn, wọ́n yọ èyí tí wọ́n mú wá látilé, wọ́n kan ìyẹn mọ́ra, ó dún kẹ́ń, bí àwo tánganran. Wọ́n ṣẹ́ ti àpò mi sí méjì, inú ẹ̀ rí pupa rẹ́súrẹ́sú, kò dúdú, mo gbóòórùn ẹ̀, òórùn èéfín igi ló ń rùn. Wọ́n ní igi ni, kò tíì di èédú, àwọn tó sun ún ló kánjú ṣí ẹbu. Ìgbà tó bá wá dé ojú iná mi, iná á kọ́kọ́ jẹ omi àti èéfín tó kù nínú ẹ̀ kó tó rántí irin. Ti ọwọ́ Bàbá, ojú ibi tó ti ṣẹ́ ń dán bí irun tí wọ́n fi òróró pa, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kùn mí lọ́wọ́.

Mo da gbogbo àpò náà sílẹ̀. Ẹ wò ó, ẹnu àpò dáa, èédú ńláńlá tó fani mọ́ra ni wọ́n tò síbẹ̀, àárín wá di àdàlù, igi máńgòrò wà níbẹ̀, káṣú wà níbẹ̀, kasíà wà níbẹ̀, mo rí èèpo igi, mo rí yanrìn, ìdí àpò ìyẹn èérún lásán. Mo fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé sẹ́ èyí tó kù ká lè mọ iye tó jẹ́, kódà mo ti gbàgbé pé owó mi ló wà níbẹ̀, mo kàn fẹ́ mọ̀. Nínú pẹ́ńtì bíi méjìlélọ́gbọ̀n tó wà nínú irú àpò yẹn, mẹ́fà ni èérún àti yanrìn. Ẹ má sọ pé ṣebí èérún náà ń jó. Ó ń jó o, àmọ́ ó ń dí atẹ́gùn lọ́nà, yanrìn tó wà láàárín ẹ̀ ló sì tún burú jù, màá dé ibẹ̀.

Túsìdè mo lọ fúnra mi. Obìnrin kan wà lọ́nà Tákíé tó ń ta èédú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àpò tò sẹ́yìn ẹ̀ bí ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀ ọmọ mi. Ti oúnjẹ ni àbí ti irin?"

Ìbéèrè yẹn gan-an. Mi ò tíì la ẹnu sọ ohun tí mò ń ṣe o, Màmá ní ọwọ́ mi ló sọ fún àwọn. Wọ́n ní èyí tí oúnjẹ fẹ́, èyí tó yára ràn tó sì fúyẹ́ ni, torí ẹni tó ń se ẹ̀wà ò fẹ́ fẹ́ná títí, àmọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń yọ́ góòlù kì í gba ìyẹn lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn. Àpò kan wà tó jẹ́ igi àyìn, ó wá láti apá Ìgbẹ́tì, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Àpò kan tún wà tó jẹ́ igi èmi, èyí tí à ń ti ara ẹ̀ rí òrí, òun náà wúwo, ó sì ń dún kẹ́ń. Àyìn ni mo gbé. Kì í ṣe pé igi èmi ò dáa lójú iná, bóyá ó tiẹ̀ dáa ju àyìn lọ, àmọ́ igi tó máa ń tó ọdún márùndínlógún sí ogún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, tí àwọn obìnrin Òkè Ògùn ń ṣa èso ẹ̀ jẹun, kí wọ́n wá gé e kí n fi rọ ọkọ́ tí màá tà lọ́jọ́ kan? Kò wọ̀ mí. Ẹlòmíì lè sọ pé wọ́n kúkú ti gé e ná. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti gé e, èmi náà ò rà á ná.

Màmá kọ́ mi ní nǹkan kan sí i: nígbà òjò, kí n máa ki ọwọ́ bọ àárín àpò kí n tó sanwó. Èédú máa ń mu omi, omi máa ń wúwo, àpò tó wúwo á wá jọ igi líle lójú ẹni tí ò mọ̀. Tó bá tutù lọ́wọ́ ẹ, fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Wẹ́sìdè, mo yá síkélì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja dídì. Pẹ́ńtì kan èédú àdàlù tọjọ́ Sátidé, kò tó kìlò kan, ó kù díẹ̀. Pẹ́ńtì kan náà ti àyìn, kìlò kan àti bíi ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù. Ike kan náà o! Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Ojú iná mi ò fẹ̀ sí i, ibi tí irin ń gbé gbóná ò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí mo bá fi èédú fúyẹ́ kún ibẹ̀, ohun tí mo kó síbẹ̀ kéré, bó ti wù kí n fẹ́ ẹ tó.

Mo da iná àná nù, mo kó àyìn sí i. Ó pẹ́ kó tó ràn, mo fi èédú àdàlù díẹ̀ tàn án láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó ràn, kò pariwo, kò ta, ọwọ́ iná ẹ̀ kúrú, ó rí búlúù díẹ̀ lórí. Irin kọjá àwọ̀ epo, ó dé àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n láàárín ìgbà tí mo fi mu omi, ó rọ̀ lábẹ́ hámà bí ẹ̀bà. Èyí tó ń gbà mí ní ìgbóná méje láti fi na ìrù tó máa wọ inú ẹ̀rúkọ́, ìgbóná mẹ́ta ló gbà. Ọkọ́ kan, pẹ́ńtì méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pa pọ̀. Àpò ẹgbẹ̀rún méje, tí mo bá yọ èérún ẹ̀, ó ku pẹ́ńtì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rin mẹ́rin fún ọkọ́ kan, ọkọ́ mẹ́fà àbọ̀. Àpò ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, èérún inú ẹ̀ ò ju pẹ́ńtì méjì, ó ku ọgbọ̀n, méjì méjì, ọkọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èédú ọkọ́ kan nínú àpò tí ọmọ iṣẹ́ mi ná dáadáa yẹn ju ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ. Nínú èyí tó wọ́n, 733 náírà. Mi ò tíì ka bátìrì tí bùlówà ń jẹ, mi ò tíì ka ọwọ́ tó ń dun èèyàn.

Títóbi ẹ̀ náà ṣe pàtàkì, ìyẹn mo fi ara mi kọ́. Mo kọ́kọ́ ń kó o síná bó ṣe wà nínú àpò, ìmíì tó ìkúùkù, àyè wá pọ̀ láàárín wọn, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá tààrà lọ bá irin láìtíì jóná tán, ohun tó sì ń sọ irin di èépá nìyẹn. Báyìí, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń fi hámà kékeré fọ́ ọ, kó tó àwúsá, kò gbọdọ̀ kéré ju ìyẹn lọ púpọ̀. Kí iná náà sì jìn. Láti ihò atẹ́gùn dé ibi tí irin ń gbé sùn, mò ń fi bíi ínṣì mẹ́rin sí márùn-ún èédú sáàárín, mo tún bo orí irin. Irin tó bá sún mọ́ ihò atẹ́gùn, atẹ́gùn ló ń lù ú, kì í ṣe iná. Mo wá gé pílétì pẹlẹbẹ kan tó ń wọlé jáde nínú páìpù kí n lè máa dín atẹ́gùn kù, tí mo bá yọ irin síta mo máa ti ìdajì ẹ̀ pa. Bàbá wo pílétì náà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń mi orí. Iná ti ráyè mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ èédú ilẹ̀.

Gbogbo fídíò àwọn alágbẹ̀dẹ òyìnbó tí mo ti wò, èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń lò, òkúta dúdú tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀, èmi sì ti pinnu lọ́kàn mi pé òun ni ẹ̀gbọ́n pátápátá, pé èédú igi yìí kàn jẹ́ ti ẹni tí ò rówó ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa tírélà máa ń ru èédú ilẹ̀ láti apá Okaba ní Kogi lọ fún àwọn tó ń sun sìmẹ́ǹtì, mo bẹ̀ ẹ́, ó já àpò kan sílẹ̀ fún mi, kò gbowó, oúnjẹ ni mo rà fún un.

Bàbá rí i, ojú wọn tàn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé ní Ọ̀fà, ọkọ̀ ojú irin ló ń jẹ ẹ́, tó bá já bọ́ létí rélùwéè, àwọn á ṣa á. Ti Ẹnúgu nìyẹn á jẹ́, ọdún 1909 ni wọ́n rí i níbẹ̀, 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, rélùwéè sì ni oníbàárà ẹ̀ tó tóbi jù kí epo díísù tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo dáná sí tèmi. Ẹ̀yin èèyàn mi, èéfín! Èéfín pupa rúsúrúsú tó nípọn bí owú, ó kọjá sórí ọgbà, ó bọ́ sí agbo ilé kejì níbi tí Ìyá Ìbejì sá léèsì funfun sí. Mo kàn gbọ́, "Bọ̀dá Wẹ́dà! Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Ṣé léèsì òkú ìyá mi lẹ fẹ́ fi nu ojú yín?" Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo fọ léèsì náà fúnra mi, ìyẹn gba ọ̀sán kan. Ọjọ́ kejì mo tún dáná sí i, lẹ́yìn tí mo wò pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí ọ̀nà kejì. Ọwọ́ iná ẹ̀ gùn, yẹ́lò, ó sì ń gbóná lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó tó wákàtí kan, àárín iná kú. Etí ń jó, àárín dúdú. Mo ń gbọ́ atẹ́gùn tó ń súfèé, kò rọ́nà gbà. Mo ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ irin náà bí oyin tó ti dì.

Mo pa bùlówà, mo kà dé bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta kó lè gan, mo fi ìkọ́ fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí roboto bí páńkéèkì tó ní ihò láàárín, ó wúwo, ó ń dán láwọn ibì kan bí ìgò aláwọ̀ ewé. Eérú àti yanrìn inú èédú ló yọ́, ló ṣàn lọ sórí ihò atẹ́gùn, ló dì síbẹ̀. Bàbá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ nígbà tó tutù, wọ́n ní, "Ìdàrọ́ rèé." Lóòótọ́ ìdàrọ́ tí àwọn eléwé ọmọ ń wá kiri wá láti ara irin yíyọ́, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní yanrìn tó wà ní ìdí àpò Sátidé burú ju èérún lọ: ohun kan náà ló ń ṣe, èédú igi kàn máa ń ní eérú díẹ̀ ni, ti ilẹ̀ lè ní púpọ̀.

Ṣé èédú ilẹ̀ ò wá dáa ni? Rárá o, ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Èédú ilẹ̀ ò dọ́gba. Èyí tó kéré jù ni lignite, sub-bituminous tẹ̀lé e, bituminous tún tẹ̀lé ìyẹn, anthracite wá wà lókè pátápátá. Anthracite gbóná, kò ní èéfín, àmọ́ ó ṣòro tàn, tó o bá pa atẹ́gùn kó o lọ jẹun, wàá bá a tó ti kú. Èyí tí àwọn òyìnbó inú fídíò ń lò, bituminous ni, èyí tó jẹ́ pé tó bá gbóná, á kọ́kọ́ rọ̀, á lẹ̀ mọ́ra, èéfín á jáde lára ẹ̀ tán, á wá di nǹkan líle, fúyẹ́, oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní kóòkù. Kóòkù yẹn ló ń gbóná irin, kì í ṣe èédú tútù tí wọ́n dà sí etí iná. Wọ́n á máa wọ́n omi sí etí kó má bàa ràn kíákíá, wọ́n á máa ti kóòkù sáàárín díẹ̀díẹ̀. Ti Okaba àti ti Ẹnúgu, sub-bituminous ni, kì í di kóòkù tó dáa. Ó dáa fún kí wọ́n fi sun sìmẹ́ǹtì, ó dáa fún rélùwéè. Ti Lafia-Obi ní Nasarawa ni wọ́n mọ̀ pé ó ń di kóòkù. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta, torí iná ńlá tí wọ́n fẹ́ fi yọ́ irin níbẹ̀, kóòkù ló ń jẹ, àárín èédú tiwa ni wọ́n sì ti ń wá èyí tó lè ṣe é tí wọn ò rí tó.

Ọ̀nà tí èèyàn lè fi mọ̀ nílé wà, mo ṣe é. Mo lọ̀ èédú ilẹ̀ náà kúnná, mo dà á sínú agolo mílíìkì, mo dé e pa, mo lu ihò bíńtín kan sí orí kí èéfín rọ́nà gbà, mo ri agolo náà sínú iná àyìn títí èéfín fi dá. Nígbà tó tutù mo ṣí i. Tó bá jẹ́ èyí tó ń di kóòkù ni, ì bá ti di odidi kan, ì bá tiẹ̀ wú. Tèmi, mo yí agolo dà, ó dà sílẹ̀ wùrùù, ẹ̀tù bó ṣe wà. Ìdánwò náà ò gba ogójì ìṣẹ́jú. Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, mi ò bá tí fọ léèsì Ìyá Ìbejì.

Kí ẹni tó bá máa ra èédú ilẹ̀ tún bèèrè imí ọjọ́ inú ẹ̀. Èyí tí imí ọjọ́ bá pọ̀ nínú ẹ̀, ó máa ń wọ ara irin, irin á pọ́n dáadáa, tó o bá wá gbé hámà lé e á fọ́ bí bisikíìtì.

Èèpo èkùrọ́ náà, mo dán an wò nítorí Bàbá. Wọ́n ní òun ni àwọn fi ń lé iná gùn nígbà tí èédú bá wọ́n. Ó gbóná ju bí mo ṣe rò lọ, èéfín ọlọ́ràá ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́, àmọ́ ó kéré, ó ń já bọ́ sínú ihò mẹ́sàn-án tèmi yẹn. Tí ihò mi bá kéré sí i, màá máa bù ú lé orí àyìn. Ó ṣì wà nínú ètò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ gan-an.

Àyìn àpò kan àti díẹ̀ nínú èkejì. Ọkọ́ mẹ́ta lọ́jọ́, nígbà míì mẹ́rin. Òjò kan rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, a ti ilẹ̀kùn nítorí ìjì, kò pẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi ní orí ń fọ́ òun, ojú ń ṣú òun, mo gbé e síta lójú ẹsẹ̀ nínú òjò yẹn. Èédú tí ò léèfín ń tú gáàsì tí kò ní òórùn o, àgbẹ̀dẹ ò gbọdọ̀ ṣe é tì pa, a ti wó pákó méjì kúrò lára ògiri.

Ẹnu ọkọ́, mo fẹ́ kó le díẹ̀ kó má bàa tètè jẹ. Mo so òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ kọ́ sára ògiri. Irin tó bá ti gbóná dé bíi 770 dígírì Celsius, òòfà ò ní mú un mọ́, mo máa dá a padà síná díẹ̀ sí i, mo máa ti ẹnu ẹ̀ bọ inú àdí. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, omi ni mo tì í bọ̀, ó dún táí, ìlà kan là láti ẹnu dé àárín. Ọkọ́ kan lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rọ mọ́kànlélógún. Èyí tí mo ti bọ àdí, mo ń fi iná tó ti rọlẹ̀ yá a díẹ̀ títí àwọ̀ ẹ̀ á fi kúrò ní ti koríko gbígbẹ tó ń lọ sí búlúù, torí ọkọ́ máa ń pàdé òkúta lóko, èyí tó bá le jù á kán.

Fúráìdè, Bàbá oníṣẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀kadà. Wọ́n mú ọkọ́ kan, wọ́n fi èékánná ta ẹnu ẹ̀, wọ́n gbé e sétí, wọ́n tún ta á. Mo wo Bàbá tiwa, Bàbá tiwa ń wo ilẹ̀. Wọ́n ka ogún pé, wọ́n san owó tó kù, wọ́n ní dígà méjì ń bọ̀ tó jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ti jẹ tán, ṣé mo lè jó irin tuntun mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n gbé e wá. Ìyẹn á fẹ́ iná tó funfun, tó ju ti ọkọ́ lọ dáadáa, mo sì ti lọ sọ fún Màmá ní Tákíé pé kí wọ́n fi àpò àyìn méjì pamọ́ fún mi, kí wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ òjò.

Èédú ilẹ̀ tó kù ṣì wà lẹ́yìn ilé, ó kù díẹ̀ kó tó àpò kan. Bàbá ti mú ẹyọ kan níbẹ̀, wọ́n gbé e sójú fèrèsé yàrá wọn. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi ìyókù ṣe kó wá gbé e, n kò gbowó, àmọ́ kó mú àpò wá, torí àpò yẹn mo fẹ́ lò ó, kó sì jọ̀ọ́ má gba iwájú ilé Ìyá Ìbejì kọjá.